Agara ti dá mi, ọmọ mi ò sì ṣẹ̀ mí

*Ẹ̀yin màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń kọrin. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni ilẹ̀kùn: á ṣí i, á tì í, á tún ṣí i. Lánàá mo kà á dé ogójì kí iye rẹ̀ tó dàrú mọ́ mi lójú. Lóru, ó lè jí láago méjì kó má sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, èmi náà á sì wà lójúfò pẹ̀lú rẹ̀.*

*Mo fẹ́ràn ọmọ mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ kó lè máa dún, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn níta, mi ò sì dìde. Ńṣe ló dà bíi pé ọmọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Mo ń wẹ̀ fún un, mo ń wọṣọ fún un, mo ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà míì wà tí mo máa ń rò ó pé kí n kàn jáde, kí n máa rìn lọ, kí n má padà.*

*Mọ̀lẹ́bí ọkọ mi kan ní iṣẹ́ tí mo ṣe láṣejù nígbà oyún ló fà á. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n lọ rí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ máa ṣe yógà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni yógà. Ọkọ mi ní owó àti àkókò yòówù ká ní, ti ọmọ ni. Ṣé ìyá burúkú ni mí ni, mà?*

*Ìyá Onílẹ̀kùn*

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ dúró lẹ́nu fèrèsé, nítorí mo mọ ilé ìwẹ̀ yẹn. Inú ọkọ̀ ni tèmi wà. Ọmọ tèmi náà ní ọ́tísíìmù; ó ti di géńdé báyìí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, màá ti ibi iṣẹ́ dé, màá pa ọkọ̀, ọwọ́ mi méjèèjì á sì wà lórí sítíárìn síbẹ̀. Mò ń wo iná yàrá rẹ̀ lókè, mo mọ̀ pé ẹni tó ń bá mi mójú tó o ti ń wo aago, ẹsẹ̀ mi ò sì gbé mi. Ogún ìṣẹ́jú ni, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni mi ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Torí náà, ìbéèrè tó o fi parí lẹ́tà rẹ ni màá kọ́kọ́ dáhùn: rárá o. O kì í ṣe ìyá burúkú.

Àárẹ̀ wà, agara wà. Ẹni tó rẹ̀, tó bá ti sùn, ara rẹ̀ á bọ̀ sípò. Agara kì í gbọ́ ti oorun. Ẹni tí agara dá lè sùn dọ̀sán, kó jí, kó sì bá agara náà níbi tó fi í sí. Èyí gan-an ló ń ṣe ọ́. Kì í sì í ṣe ìwọ nìkan ló ń ṣe, àwọn onímọ̀ ti ń tọpa rẹ̀ ó pẹ́. Lọ́dún 1974 ni Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ọkàn, kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń ran ẹlòmíì lọ́wọ́ títí tí inú àwọn fúnra wọn fi gbẹ. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn àti ìṣòro ìlera, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ṣì kà á sí títí dòní, bí ẹni pé òbí kì í ṣiṣẹ́. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀. Isabelle Roskam àti Moïra Mikolajczak, àwọn obìnrin méjì ní yunifásítì Louvain ní Bẹ́ljíọ̀mù, gbọ́ tẹnu àwọn òbí tí agara dá, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, èyí tó jáde lọ́dún 2018. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wò: kí iṣẹ́ ọmọ títọ́ tán ọ lókun pátápátá; kó o rí i pé o ò jọ òbí tó o jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́; kí ó sú ọ; kí ọkàn rẹ sì jìnnà sí ọmọ nígbà tí ọwọ́ rẹ ṣì ń ṣe gbogbo ohun tó yẹ. "Mo ń wẹ̀ fún un, ọkàn mi ò sí níbẹ̀ mọ́." O ti kọ èyí ìkẹrin láì ka ìwé wọn rí.

Èrò pé kó o máa lọ kó o má padà, àwọn obìnrin méjì yẹn náà bá a lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí tí agara dá. Torí rẹ̀ ni mi ò fi ní fojú kékeré wò ó. Bó bá jẹ́ èrò tó ń kọjá lọ, sọ ọ́ fún ẹni kan lọ́sẹ̀ yìí, fi ẹnu rẹ sọ ọ́ bó o ṣe kọ ọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bó bá di pé o ń rò ó pé kó o pa ara rẹ lára, tàbí pé ọwọ́ rẹ fẹ́ ṣe ọmọ náà léṣe, má dúró de ìpàdé kankan. Gbé ọmọ fún àgbàlagbà tó bá sún mọ́ ọ, kó o gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kó o sì sọ fún wọn láì fi bò. Bí kò bá sí ẹnì kankan nítòsí, gbé òun náà dání lọ.

Ẹ̀bi tí wọ́n gbé rù ọ́ ńkọ́? Ẹrù tó wúwo ni, ó sì wà lára ohun tó ń dá ọ lágara. Ọdún 1943 ni dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tó rí tí wọ́n ní ọ́tísíìmù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyá tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Bruno Bettelheim tẹ odindi ìwé jáde lọ́dún 1967, tó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà tì sọ́dọ̀ òbí, pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ dénú. Irọ́ gbáà. Ìyá mélòó ni ọ̀rọ̀ yẹn ti pa lẹ́kún! Lọ́dún 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter yẹ àwọn ìbejì wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí i pé àwọn ìbejì tí ẹyin kan ṣoṣo pín di méjì sábà máa ń jọ ní in ju àwọn ìbejì yòókù lọ. Láti ìgbà náà ni ìwádìí lórí ìwádìí ti ń fi hàn pé ohun àjogúnbá ló kó ipa tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rí kankan pé lílọ síbi iṣẹ́ nígbà oyún ló ń fà á. Kí mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ má bínú, kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ sísọ àti yógà. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí méjèèjì kò lè ṣe: wọn ò ní yí ọmọ rẹ padà, kò sì yẹ ká máa retí ẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn ilẹ̀kùn á ṣì fẹ́ràn ilẹ̀kùn. Tìrẹ ni wọ́n wà fún.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, mo kó fáìlì ọmọ dání. Obìnrin náà béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe ń sùn?" Mo ní, "Ó ń jí láago mẹ́ta." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ni mo béèrè." Mo la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Odindi ọdún méje ni ẹnikẹ́ni ò ti bi mí. Gbogbo ìpàdé àkọ́kọ́ náà, n kò rí nǹkan kan sọ nípa ara mi tí kò já sórí ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo lọ ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ fún un, kò sì yà á lẹ́nu. Bí kò ṣe yà á lẹ́nu yẹn gan-an ló kọ́kọ́ tù mí nínú.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ju kéèyàn kàn tú inú rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan wà, tí Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, tí wọ́n fi ń kọ́ ọ láti di èrò kan mú kó o yẹ̀ ẹ́ wò. Fún àpẹẹrẹ, "ìyá gidi ì bá ti dìde nílé ìwẹ̀ yẹn." Ṣé òótọ́ ni? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí lo máa sọ fún àbúrò rẹ bó bá jẹ́ òun ló jókòó síbẹ̀? Ọ̀nà míì jẹ́ ti Steven Hayes: kò ní kó o bá èrò náà jà rárá, ńṣe ni wàá jẹ́ kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó o sì máa ṣe ohun tó ṣe pàtàkì sí ọ. Lọ́dún 2006, òun àti John Blackledge gbé ìròyìn jáde pé àwọn fi ọ̀nà yìí ran òbí 20 tí ọmọ wọn ní ọ́tísíìmù lọ́wọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn sì dín kù. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí, nítorí nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ èrò tó ń dẹ́rù bani ni kì í ṣe irọ́. Òótọ́ ni pé ẹ̀rù ọ̀la ń bà wá. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí n rí i pé irọ́ ni.

Bí ọkọ rẹ bá sọ pé owó ni ìṣòro, sọ ti Elisabeth Dykens fún un. Lọ́dún 2014, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ìyá 243 tí ọmọ wọn ní ọ́tísíìmù tàbí ìpèníjà míì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìpàdé náà, wákàtí kan ààbọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Apá kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ tí wọ́n á fọkàn sí ohun tó ń lọ lára wọn, àti bí wọ́n ṣe ń na ara pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Apá kejì jókòó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bi, ìdààmú àti ohun rere tó ṣì wà láyé wọn. Ara apá méjèèjì fúyẹ́. Àwọn tó kọ́ mímí ni ìdààmú àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn tètè rọlẹ̀ jù, wọ́n sì sùn dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Èyí tó wù mí jù ni pé dókítà kọ́ ló darí wọn. Àwọn ìyá bíi tìrẹ ni, tí wọ́n kọ́ níṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní ètò kan tó jáde lọ́dún 2022 fún àwọn tó ń tọ́ ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ yàtọ̀: ìpàdé mẹ́sàn-án pẹ̀lú àwọn òbí míì, àti ìbẹ̀wò mẹ́ta nílé, àwọn tí kì í ṣe dókítà sì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Béèrè bóyá nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nítòsí rẹ. Bí kò bá sí, òbí mẹ́rin tó ń jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò kéré. Lorna Wing, dókítà tó bí ọmọbìnrin tó ní ọ́tísíìmù, wà lára àwọn òbí tó da ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1962, ẹgbẹ́ náà sì wà títí dòní.

Ó ku yógà. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n rẹ sọ, Íńdíà ló ti wá, ó sì ní ìdí nínú ẹ̀sìn lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n èyí tí Jon Kabat-Zinn mú wọ ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts lọ́dún 1979, kò sí àdúrà nínú rẹ̀, kò sí orúkọ òrìṣà. Mímí ni, nínà ni. Bí ọkàn rẹ ò bá ṣì gbà á, fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó o mú mímí rẹ̀. Kò sí ẹ̀sìn tó ni èémí.

Bó o ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí, láì na kọ́bọ̀. Mí sínú gba imú, kà á dé mẹ́rin. Mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kà á dé mẹ́fà. Bí ìró aago kan bá jẹ́ oókan, ẹ̀ẹ̀mẹfà lo máa mí nínú ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ń jáde yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Iṣan kan tí wọ́n ń pè ní vagus ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé ọkàn, bó o bá ń mí síta, ó ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́. Ó ṣeé gbá mú, fi ìka sórí ọrùn ọwọ́ rẹ kó o wò ó.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kó o gbìyànjú, mo ti ń rò ó látìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ. Ọmọ rẹ ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í. Bó bá ti ń ṣí i, mí sínú. Bó bá tì í, tú u jáde, jẹ́ kí èjìká rẹ wálẹ̀. Má kà á dé ogójì mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá péré, lẹ́yìn náà máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Lójú tìrẹ, ariwo ni ilẹ̀kùn yẹn. Lójú tiẹ̀, ohun kan ṣoṣo nínú ilé tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe lánàá ni. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ máa ti pàdé.

Tó o bá rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dùbúlẹ̀ sílẹ̀, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, ìdí rẹ súnmọ́ ògiri náà, ọwọ́ rẹ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tàbí kúnlẹ̀, fìdí lé gìgísẹ̀, kó o tẹ̀ síwájú títí iwájú orí rẹ á fi kan ìrọ̀rí. Bí o bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tí omi inú ẹyinjú fi máa ń tẹ ojú jù, tàbí o lóyún, bi dókítà kó o tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ohunkóhun tó bá dunni, fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é nílé, mo rò pé ọmọ mi ò ní jẹ́. Ó wọlé, ó wò mí títí, ó kó ìdérí ìgò rẹ̀ wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n yí ẹní mi ká, pupa, pupa, búlúù, pupa. Kò fọwọ́ kàn mí. Mo sùn lọ níbẹ̀. Nígbà tí mo jí, àwọn ìdérí náà ti yí mi po láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì jókòó sí ìgbẹ̀yìn wọn, ó ń kùn orin kan. Mo sunkún, àbúrò, ṣùgbọ́n ẹkún yẹn kò jọ ti inú ọkọ̀.

Ohun tó le jù ni màá fi parí. Kò sí mímí tó lè rọ́pò ẹni tó ń bá ọ di ọmọ mú. Ẹni tí kò sùn láti ọdún mẹ́fà, oorun ló kọ́kọ́ yẹ ká wá fún un. Sọ fún dókítà ọmọ náà pé kì í sùn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ni oorun ń yọ lẹ́nu, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Kí ọkọ rẹ mú òru méjì lọ́sẹ̀, ní orúkọ ọjọ́, kó o lọ sùn sí yàrá míì. Ó ní àkókò ọmọ ni gbogbo àkókò. Sọ fún un pé òru méjì yẹn, àkókò ọmọ ni.

*Màmá, ẹ kú àánú wa. Bàbá ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tó ní ọ́tísíìmù ni mí. Ìyàwó mi ti ń lọ bá onímọ̀ kan sọ̀rọ̀, ó fẹ́ kí n máa bá òun lọ. Mo ní kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ńṣe ni mo ń sá sí ibi iṣẹ́. Bí mo bá sì wọlé, ọmọ náà á fọwọ́ dí etí torí ìró bàtà mi, ó sì máa ń dùn mí bíi pé èmi ni kò fẹ́ rí.*

*Bàbá Ọmọ*

Ẹ kú ìtọ́jú, sà. Ibi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sá sí yẹn, ilé ìwẹ̀ tiyín ni. Agara ń dá bàbá náà. Ẹ bá ìyàwó yín lọ lẹ́ẹ̀mejì péré, kẹ́ ẹ sọ ti ìró bàtà yìí níbẹ̀. Ọmọ náà kò kọ̀ yín: etí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ìró ju tiwa lọ débi pé ó ń dun wọ́n. Láti ọdún 2013 ló ti wà nínú ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń dá ọ́tísíìmù mọ̀.

Kẹ́ ẹ tó dé Sátidé, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ̀yin lẹ wà nílé, kó jáde, kó má sì sọ ibi tó ń lọ fún yín. Àti lónìí, bẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ bọ́ bàtà yín síta kẹ́ ẹ tó wọlé.